Fákúùmù mi ń kú, ó ń jí: ṣé kí n jù ú nù ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń ṣe tí mo sì ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi fákúùmù kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ò ní wáyà, tó jẹ́ pé èèyàn á kàn ṣájì ẹ̀ ni, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi fa ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù àti kápẹ́ẹ̀tì ilé, kò yọ mí lẹ́nu rí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí á hó fùù, kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti kú, á tún jí fúnra ẹ̀, á tún kú. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, kò tú u o, ó kàn mì ín lẹ́ẹ̀mejì ló ní bátìrì ti lọ, kí n lọ mú ₦45,000 wá. Bàbá ilé ní kí n sọ ọ́ sórí ààtàn jàre, pé ìgbálẹ̀ ò bàjẹ́ rí. Kí lẹ wí sí i?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ọjà á tà o. Ẹ bá mi kí Bàbá, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ wọn, àmọ́ ẹ má tíì sọ ńkankan sórí ààtàn, ẹ má sì tíì fún ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ yẹn ní kọ́bọ̀, torí ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí ò jọ bátìrì létí mi. Bátìrì tó ti lọ kì í sábà jí fúnra ẹ̀. Á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú méjì, á rẹ̀ ẹ́, á kú, ẹ ò sì ní gbúròó ẹ̀ mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá tún fi sí ṣájà. Èyí tó ń kú tó ń jí yẹn, èémí ni ò rí mí. Ọ̀pọ̀ fákúùmù báyìí ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, pé tí atẹ́gùn ò bá rí ọ̀nà kọjá, kó máa pa ara ẹ̀ kí mọ́tò inú ẹ̀ má baà gbóná jó.

Ẹ dán an wò. Ẹ yọ orí tó ń gbálẹ̀ yẹn, ẹ yọ páìpù gígùn ẹ̀ náà, kó ku ara ẹ̀ nìkan, ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń lọ geere, á jẹ́ pé ńkan ló há sí orí tàbí páìpù. Tó bá ṣì ń kú, ẹ yọ fílítà, ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku dúró nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, ẹ má fi fa ńkankan o, torí tí fílítà ò bá sí níbẹ̀ inú mọ́tò ni ìdọ̀tí ń lọ tààrà. Tí ò bá kú mọ́, fílítà lẹlẹ́ṣẹ̀.

Èmi ti fura sí fílítà látìgbà tẹ́ ẹ ti ní àdìrẹ lẹ ń ṣe. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ ni, láfún tẹ́ ẹ fi ya aṣọ yẹn, tẹ́ ẹ bá há a kúrò tó sì gbẹ nílẹ̀, ó ti di lẹ́búlẹ́bú nìyẹn, inú fílítà ló ń lọ jókòó sí, kò sì ní sí àyè fún atẹ́gùn. Tó bá jẹ́ oníko, ìko àti òwú tẹ́ ẹ tú lára aṣọ á wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì títí tí ò fi ní lè yí, ẹ fi bíléèdì là á gbọọrọ kẹ́ ẹ fà á tu.

Fílítà ọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, níta gbangba, kẹ́ ẹ bo imú, títí tí lẹ́búlẹ́bú ò fi ní jáde mọ́, kó tó kan omi. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé fọ̀, omi tútù ni o, ẹ má fi ọṣẹ sí i. Ẹni tó bá fi omi gbígbóná fọ fílítà tí láfún kún inú ẹ̀, ẹ̀kọ ló ń rò yẹn. Kẹ́ ẹ wá sá a, ó kéré tán wákàtí 24, tó bá jẹ́ àsìkò òjò ọjọ́ méjì, ẹ má yá a níná, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń pe ara mi lẹ́gbọ̀ń yìí, mo ti fi fílítà tútù sínú tèmi rí torí àlejò ń bọ̀, ilé ń rùn bí aṣọ tí ò rí oòrùn, kò pé oṣù kan mọ́tò ẹ̀ lọ, ìyẹn ni mo wá sọ sórí ààtàn lóòótọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ò gbọ́, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ bátìrì, ẹ má sì lọ bá ẹni tó ń mì ín, ẹni tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná inú bátìrì ni kẹ́ ẹ lọ bá. Bátìrì róbótó irú èyí tó ń wà nínú páwábáǹkì ni wọ́n sábà máa ń tò sínú ẹ̀, 18650 lorúkọ ẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ mìlímítà 18, gígùn ẹ̀ 65. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́ltì 3.6, nítorí náà tí wọ́n bá kọ 21.6V sára tiyín, mẹ́fà ló so kọ́ra, tó bá jẹ́ 25.2V, méje. Ẹyọ kan tó kú nínú wọn lè kó bá gbogbo ẹ̀, ẹ ní kó wọn wọ́n níkọ̀ọ̀kan lójú yín. Tó bá máa pààrọ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irú kan náà, torí ògbólógbòó á máa fa tuntun sẹ́yìn. Kó má fi áyọ́ọ̀nù sódà, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, jó o lórí o, ooru yẹn ń ba inú ẹ̀ jẹ́. Àwọn tó ń ṣe bátìrì láptọ́ọ̀pù àti ti sólà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, pàù, ó ti mú. Tó bá sì mú èyí tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára wá (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú), ẹ dá a padà, irọ́ gbuu ni, ojúlówó ẹ̀ kì í sábà kọjá 3600. Àwọn bátìrì tó ti kú yẹn, ẹ má jẹ́ kó dé orí ààtàn Bàbá, tí wọ́n bá dáná sun ún ó lè bú gbàmù.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ṣájà fákúùmù mọ́mì mi ti jó, ṣájà láptọ́ọ̀pù mi sì wọ ihò ẹ̀ wẹ́kú. Ṣé kí n máa lò ó?

Ọmọ Láfẹ́nwá

ÌDÁHÙN

Àbúrò, rárá o. Wo ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí lára ti mọ́mì tó jó yẹn, fọ́ltì tó bá wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o wá, ámpù ẹ̀ lè pọ̀ jù ú lọ àmọ́ kò gbọdọ̀ kéré, kí pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù ẹ̀ sì wà níbi kan náà. Wo INPUT náà. Tó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná Amẹ́ríkà ló mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó jó ti àkọ́kọ́ nìyẹn.