Èsì: Ṣé iye Chrysler 300C SRT-8 ṣì máa já sí i ní Britain?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ Chrysler 300C SRT-8 ọdún 2007 tí ẹ fẹ́ rà ní Britain ṣì máa pàdánù iye. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù náà ti kọjá. Owó tó ń jẹ lọ́dọọdún ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Owó orí ọkọ̀ ló ń lé oníbàárà sá. Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 23 Oṣù Kẹta 2006, tí èéfín CO2 rẹ̀ ju 255 g/km (gíráàmù fún kìlómítà kan) lọ, Band M, ìyẹn ìpele owó orí, ló wà, òun ló sì wọ́n jù. Ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 6.1 yìí kọjá ibẹ̀ fíìfíì. Èyí tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà, tí V5C rẹ̀, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kò ní iye CO2, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀, ó sì dínkù gan-an. Àmọ́ apá òsì ni sítíárín rẹ̀ wà, ìyẹn sì ń gé iye rẹ̀ nígbà títà.

Ẹ tan ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ìró tí-tí-tí tó ń lọ bó ṣe ń gbóná, bóòtù ẹgísọ́ọ̀sì tó kán ló sábà máa ń fà á, yíyọ rẹ̀ kì í rọrùn rárá. Púlọ́ọ̀gì 16 ló ní, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè rìsíìtì wọn. Ẹ wo abẹ́ gíà, níbi tí wáyà ti wọlé, bóyá ọ́ìlì ń jò.

Chrysler kúrò lọ́jà Britain ní 2017, nítorí náà iná iwájú àti ẹ̀yà sítíárín apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ pé. Ti Amẹ́ríkà kò bá a mu. Ẹ wo ìtàn MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Britain, ọ̀fẹ́ ni. Lójú tèmi, èyí tí wọn ò tíì yí nǹkan kan padà lára rẹ̀ ló máa di iye mú jù.