Owó Tí O Fẹ́ San Yẹn Kò Ní Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Kọ Ọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí. Àrùn ewé ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi ní mo gbọ́dọ̀ ka àpilẹ̀kọ kan, ṣùgbọ́n dọ́là 39 ni wọ́n ń bèèrè kí n tó lè ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Arákùnrin kan tó ń tẹ̀wé ní àdúgbò Camp ní òun á bá mi ṣí i ní náírà 3,000. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́ pé kó fi ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ ojú ń tì mí. Ó dà bí ìgbà tí mo fẹ́ fi owó iṣẹ́ onítọ̀hún dù ú. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Má san dọ́là kankan, má sì lọ bá ará Camp. Màá sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ, ṣùgbọ́n ojú tó ń tì ọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ, nítorí kì í ṣe ìwọ nìkan. Ó ti tó ìgbà mélòó kan báyìí tí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú tábìlì mi ní ilé ìkàwé, tó ń sọ pé òun kò fẹ́ jẹ gbèsè òǹkọ̀wé.

Ọmọ mi, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú dọ́là 39 yẹn tó ń dé ọwọ́ ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà. Ìwé ìtàn àti ìwé ewì ni ilé ìtẹ̀wé ti máa ń fún òǹkọ̀wé ní ìpín tirẹ̀ lórí ẹ̀dà tí wọ́n bá tà. Ti jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì tàbí ìjọba ló ń san owó oṣù olùwádìí. Òun ló lọ sóko, òun ló gé ewé, òun ló jókòó ti maikirosíkóòpù, òun ló kọ ọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́. Jọ́nà gbé e fún onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó péye, àwọn yẹn náà kì í sábà gba owó. Èmi gan-an ti bá wọn yẹ irú rẹ̀ wò rí nínú ìmọ̀ ilé ìkàwé, lẹ́tà ọpẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn èyí, òǹkọ̀wé á buwọ́ lùwé pé ilé ìtẹ̀wé ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé ìtẹ̀wé á wá ta iṣẹ́ yìí padà fún yunifásítì tó ti san owó iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Fojú inú wo aláró kan ní Ìtòkú tó ra aṣọ funfun lówó ara rẹ̀, tó rẹ ẹ́ sí aró, tó sá a títí tó fi gbẹ, tó gbé e fún alájàpá lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá padà lọ ra àdìrẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní iye tó bá wu alájàpá. Bí ọjà jọ́nà ṣe rí nìyẹn. N kò sọ pé ilé ìtẹ̀wé kì í ṣiṣẹ́ rárá. Wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ tò, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kó má sọnù, ìyẹn náà sì ń náni lówó. Iye tí wọ́n ń bù lé e ni mò ń bínú sí. Ní ọdún 2012, Harvard, yunifásítì olówó ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé owó àsansílẹ̀ jọ́nà àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́dún, pé jọ́nà kan ṣoṣo lè gba tó 40,000 dọ́là, àti pé agbára wọn kò lè gbé e mọ́. Ní 2019, Yunifásítì California dá àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Elsevier, ilé ìtẹ̀wé jọ́nà ńlá kan, dúró, ó sì di 2021 kí wọ́n tó tún jọ fọwọ́ síwèé. Bí Harvard bá ń sunkún, kí ni ilé ìkàwé tó ń fi náírà ra nǹkan fẹ́ ṣe?

Nítorí náà, bí o bá kọ̀wé sí òǹkọ̀wé, inú rẹ̀ á dùn ni. Kí wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tọ́ka sí i, èrè tirẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ará Camp, ẹ dákun, ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yé fún wọn lówó. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rí i. Wọ́n lè fà á láti ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó ń pín àpilẹ̀kọ láìgbàṣẹ, iṣẹ́ mi kò sì gbà kí n rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Tàbí kí wọ́n ta ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ọ̀kan tó rà wá fún mi, àmì àgádágodo aláwọ̀ ọsàn tó ṣí sílẹ̀ wà gbàgàdà lójú ewé àkọ́kọ́! Àmì open access nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni lè kà á láì san kọ́bọ̀.

Tẹ orúkọ àpilẹ̀kọ náà sínú Google Scholar, ẹ̀ka Google tó ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀, kí o wo gbogbo ẹ̀dà tó bá gbé jáde, kì í ṣe ti òkè nìkan. Òǹkọ̀wé lè ti gbé ẹ̀dà tirẹ̀ sí ojúlé yunifásítì rẹ̀. Fi Unpaywall, irinṣẹ́ kékeré tó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sórí kọ̀ǹpútà rẹ, ọ̀fẹ́ ni, òun á bá ọ wá a. Fún ẹ̀gẹ́, má fo àwọn iṣẹ́ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, dá. Kí o sì wá sí ilé ìkàwé yunifásítì rẹ, kí o bèèrè AGORA, ètò tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, dá sílẹ̀ ní 2003 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè ka jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó síta nígbà tí wọn kò tíì bèèrè lọ́wọ́ wa.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, wá orúkọ tí wọ́n fi ìràwọ̀ kékeré sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú orúkọ àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà, íméèlì rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀. Sọ orúkọ rẹ, ilé ẹ̀kọ́ rẹ, ohun tí o ń ṣèwádìí rẹ̀, àti orúkọ àpilẹ̀kọ náà. Ìlà mẹ́rin ti tó, má bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló gba òǹkọ̀wé láyè láti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn kì í ṣe ọ̀kan náà, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà. Nítorí náà, bó bá fi ránṣẹ́, fún ìkàwé tìrẹ ni, má gbé e sórí WhatsApp kíláàsì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kọ̀wé sí ẹlòmíì nínú àwọn tó jọ kọ ọ́.