Nígbà tí ọfà ojú kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́ tọwọ́ mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà, Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Máòsì oníbọ́ọ̀lù ni à ń lò sí i, èyí tí ìdí wáyà rẹ̀ rí roboto tó sì ní àwọ̀ ewé. Bí mo bá ń fà á lọ sọ́tùn-ún, ọfà á há, á tún fò. Nígbà mìíràn á sáré lọ sí igun, àwọn fáìlì á sì máa ṣí fúnra wọn. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní àfi kí a ra bọ́ọ̀dù tuntun, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù. Àléébù méjì ni ẹ kà pọ̀ bí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń fa ọ̀kan lè má jẹ́ òun ló ń fa èkejì.

Bí ọfà bá ń há sọ́tùn-ún àti sósì nìkan, tó sì ń lọ geere sókè àti sísàlẹ̀, ìdọ̀tí ni. Bọ́ọ̀lù inú máòsì náà ń yí ọ̀pá tín-ín-rín méjì, tí ọ̀kan ń ka ìrìn ọ̀tún àti òsì, tí èkejì sì ń ka ti òkè àti ìsàlẹ̀. Eruku àti òógùn ọwọ́ a máa dì mọ́ àárín ọ̀pá wọ̀nyí bí ìgbànú dúdú, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìyí ọ̀pá. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yí òrùka ìdí máòsì síbi tí àmì ara rẹ̀ kọjú sí, kí bọ́ọ̀lù bọ́ síta, kí ẹ wá fi èékánná ha ìdọ̀tí náà kúrò yípo, kí ẹ sì fi òwú tó ní sípírítì díẹ̀ nu ọ̀pá. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, kí ó sì gbẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọ bọ́ọ̀lù nìkan, wọn a sì ní àwọn ti tún un ṣe!

Ti fífò lọ sí igun yàtọ̀. Ìdì mẹ́ta-mẹ́ta ni máòsì irú èyí fi ń ránṣẹ́: èkínní sọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀, èyí tó kù sọ ìrìn. Bí ọ̀kan bá sọnù lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà lè ka ìrìn bí ẹni pé bọ́tìnnì ni ẹ tẹ̀, ìdí nìyẹn tí fáìlì fi ń ṣí. Ẹ fi máòsì sílẹ̀ lójú kan, kí ẹ rọra máa tẹ wáyà rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti wọ inú máòsì. Bí ọfà bá mira, wáyà ti já nínú. Bí kò bá mira, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ ìdí wáyà, kí ẹ sì tún un kì bọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe yọ ọ́ nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ, torí a kò ṣe ojú ihò yẹn fún bẹ́ẹ̀, ó sì lè jó fíúsì orí bọ́ọ̀dù, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá yín tún un ṣe wá di òótọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yá máòsì USB kan, ìyẹn èyí tí ìdí wáyà rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ra irú rẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ojú ihò àtijọ́ náà ló bàjẹ́, nítorí owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti bọ́ọ̀dù rárá. Bó bá jẹ́ oníná pupa, ẹ má lò ó lórí tábìlì onígíláàsì, torí ojú tábìlì ló ń yà ní àwòrán léraléra láti mọ̀ bí ó ṣe rìn, gíláàsì kò sì ní ohun tó lè rí dì mú.