Ní California, ṣé aráàlú lè mọ ohun tí ìlú àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń dúnàádúrà lé lórí?

Díẹ̀ ni. Òfin Brown Act, tó ti wà láti 1953, ní kí ìgbìmọ̀ ìlú máa ṣèpàdé ní gbangba, àmọ́ ó gbà wọ́n láyè láti tilẹ̀kùn mọ́rí tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún aṣojú wọn nínú ìdúnàádúrà náà iye owó oṣù tó lè fọwọ́ sí. Costa Mesa, ìlú kan ní California, tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2012, wọ́n gbé òfin COIN (Civic Openness in Negotiations, ìyẹn ìdúnàádúrà tó hàn sí aráàlú) jáde: kí wọ́n máa kéde ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan bá fi lọ èkejì, kí oníṣirò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlú sì ṣírò ohun tí àdéhùn náà máa ná wọn. Lójú tèmi, ìṣirò yẹn gan-an ló wúlò jù, torí ìnáwó owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè hàn.