Báwo ni Li Shimin ṣe gorí ìtẹ́ ní Ṣáínà nígbà tí kì í ṣe òun ni àrẹ̀mọ?
Ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ àrẹ̀mọ àti àbúrò rẹ̀ kan, bàbá wọn sì gbé ìtẹ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 626 ni wọ́n pa wọ́n, ní Ẹnubodè Xuanwu tó wà ní àríwá ààfin ní Chang'an, olú ìlú wọn.

Gaozu, bàbá wọn, ló dá ìjọba Tang sílẹ̀ ní 618, Li Jiancheng ló sì fi ṣe àrẹ̀mọ. Àmọ́ Shimin ló jagun ṣẹ́gun jù, ni àwọn méjèèjì bá ń fura síra wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Shimin ba dè wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ta Jiancheng lọ́fà. Yuchi Jingde, ọ̀gágun rẹ̀, ló pa Li Yuanji, àbúrò wọn. Èyí tó bani nínú jẹ́ jù ni pé wọn ò dá àwọn ọmọkùnrin Jiancheng àti Yuanji sí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Shimin ti jọba.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba tirẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìtàn yìí sílẹ̀, nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi tí wọ́n dì ru Jiancheng ti pọ̀ jù.