Ṣé Dókítà Wèrè Lọmọ Mi Fẹ́ Dà?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ní clinical psychology lòun fẹ́ kà. Ṣé kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀? — Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ìyá tèmi náà bi mí bẹ́ẹ̀! Ọmọkùnrin kan tó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ ni Lightner Witmer, ẹni tó dá clinical psychology sílẹ̀, kọ́kọ́ tọ́jú ní Yunifásítì Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1896. Orí ọmọ náà pé. Dókítà ọpọlọ (psychiatrist) ló ń kọ oògùn. Ìbéèrè, ìdánwò àti ọ̀rọ̀ sísọ ni èmi onímọ̀ clinical psychology fi ń tọ́jú èèyàn. Awakọ̀ kan wá bá mi lẹ́yìn ìjàǹbá: bí họ́ọ̀nù bá ti dún níta, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ la jọ ń tú ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ digirí àkọ́kọ́ nìkan kò tó o. Ẹ tọ́jú owó ilé-ìwé sí i.