Àyà ń fún Bàbá mi: ṣé àgbo àti òróró ẹja lè rọ́pò oògùn dókítà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé ọmọ ọdún 67 lọ́dún yìí. Tí wọ́n bá ti ń gun òkè tó wà níwájú ilé wa n'Ílá Ọ̀ràngún, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e. Tí wọ́n bá dúró díẹ̀, á lọ. Dókítà ní angina ni, wọ́n sì kọ aspirin, atorvastatin, bisoprolol àti hóró kékeré kan tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi páálí kan ránṣẹ́: òróró ẹja, fítámì E, aáyù inú kápúsù, CoQ10 àti L-arginine. Aládùúgbò wa náà gbé àgbo wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Bàbá ti ń mu àgbo náà, wọ́n ní àyà ò fún àwọn mọ́, wọ́n sì fẹ́ pa oògùn dókítà tì nítorí owó rẹ̀. Èwo ló ní ẹ̀rí nínú gbogbo ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè dúró: ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa oògùn yẹn tì. Bisoprolol pàápàá, ẹni tó bá já a lójijì, ọkàn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kí àyà fífún náà sì padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù tó bá fẹ́ dá a dúró. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá jókòó ti ọ̀rọ̀.

Ọkàn tó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, òun náà ní àwọn iṣan tínńtín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá. Tí ọ̀rá bá ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí, ọ̀nà á há. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ á tó ẹni tó jókòó, kò ní tó ẹni tó ń gun òkè; àyà fífún yẹn ni wọ́n ń pè ní angina. Iṣẹ́ méjì ni oògùn Bàbá ń ṣe. Bisoprolol àti hóró abẹ́ ahọ́n wà fún ìrora. Aspirin àti atorvastatin wà fún ọjọ́ tí a ò fẹ́ kó dé, ọjọ́ tí ọ̀rá inú iṣan á ya, tí ẹ̀jẹ̀ á dì lé e, tí ọ̀nà á dí pátápátá. Àwọn méjì yìí kì í jẹ́ kí ara ẹni yá sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá ò lè mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, àwọn gan-an ni aláìsàn sì sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró tí owó bá fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí wá ńkọ́? Ta ló tu Bàbá lára? Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ bisoprolol? Bó bá jẹ́ pé oṣù kan náà ló bá àgbo dé, àgbo lè máa gba ìyìn iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ wọ́n ṣì ń gun òkè náà, àbí wọ́n ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé? Àìsàn tó ń wá tó ń lọ ni angina. Ohunkóhun tí èèyàn bá ń lò lọ́sẹ̀ tó bá dáwọ́ dúró ló máa gba orúkọ. Ìgbàgbọ́ náà ń bẹ níbẹ̀, agbára rẹ̀ ò sì kéré.

Ẹ gbọ́ èyí. Láyé ọdún 1950 sí 1959, àwọn oníṣẹ́-abẹ kan ní Amẹ́ríkà máa ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pa nínú àyà aláìsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á yà sọ́dọ̀ ọkàn. Àwọn aláìsàn ń jẹ́rìí pé ara tu àwọn. Ní 1959, Leonard Cobb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle mú èèyàn 17. Wọ́n so iṣan àwọn kan. Ti àwọn yòókù, awọ ara lásán ni wọ́n là, wọ́n sì rán an padà. Àwọn tí wọn ò so nǹkan kan fún náà jẹ́rìí! Iṣẹ́ abẹ yẹn kú síbẹ̀.

Kí ẹ má baà ní àgbo nìkan la ń fi ojú yìí wò, irin kékeré tí wọ́n ń tì sínú iṣan láti là á, òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Ní 2017, wọ́n fi èèyàn 200 dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tí wọ́n fi irin sí lára kò fi bẹ́ẹ̀ lè rìn pẹ́ lórí ẹ̀rọ ju àwọn tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni pé wọ́n fi sí. Ó dun àwọn dókítà kan dọ́kàn. Wọ́n tún un ṣe, èsì rẹ̀ jáde ní 2023: èèyàn 301, tí wọ́n kọ́kọ́ dá oògùn angina wọn dúró. Lọ́tẹ̀ yìí irin náà borí. Òṣùwọ̀n yẹn náà ni mo fẹ́ fi wọn páálí ẹ̀gbọ́n yín.

Fítámì E ni ìtàn rẹ̀ pẹ́ jù. Ní 1946, àwọn Shute, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jẹ́ dókítà ní Kánádà, kéde pé ó ń wo angina, ayé sì gbé e mì fún àádọ́ta ọdún. Ní 2000, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní HOPE fún èèyàn tó lé ní 9,000 ní fítámì E tàbí hóró òfìfo (èyí tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀) fún ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa wọn síwájú sí i, àwọn tó ń lo fítámì náà ni ọkàn wọn ń rẹ̀ jù, ìyẹn ni pé kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́. Ní 2002, wọ́n tún fi èèyàn 20,536 dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fítámì E àti C àti beta-carotene pa pọ̀: òfo ni. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, lára àwọn èèyàn yẹn kan náà, simvastatin, tó jẹ́ ẹbí atorvastatin Bàbá, dín ikú kù.

Ọ̀rọ̀ òróró ẹja díjú díẹ̀. Ní Ítálì, 1999, gíráàmù kan lójúmọ́ dín ikú kù láàárín àwọn tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá. Ìgbà yẹn, oògùn ọ̀rá bíi atorvastatin kò tíì wọ́pọ̀ bíi ti òní. Ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 2018, ọ̀kan láàárín àwọn onítọ̀ ṣúgà 15,480, èkejì láàárín èèyàn 25,871, kò rí i pé gíráàmù kan náà dá ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dúró lápapọ̀. Irú kan wà tí dókítà ń kọ, EPA (ọ̀kan lára àwọn ọ̀rá inú òróró ẹja) tí wọ́n sẹ́ dáadáa, gíráàmù mẹ́rin lójúmọ́, fún àwọn tí triglyceride (irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀) wọn ga. Ìyẹn dín ewu kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn wà lórí òróró tí wọ́n fi ṣe òfìfo rẹ̀, ìwádìí mìíràn tó lo àdàlù òróró ẹja ní 2020 kò sì rí nǹkan kan. Tó bá pọ̀ lára, ó tún lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Kápúsù inú páálí yín kì í ṣe irú èyí tí dókítà ń kọ. Títù àti ṣáwá tí ẹ ń rà lọ́jà ni kẹ́ ẹ máa sè fún Bàbá.

L-arginine ni mo ní kí ẹ yọ kúrò nílé. Ní 2006, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi èèyàn 153 tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá dán an wò. Mẹ́fà kú lára àwọn tó ń lò ó, ẹnì kankan kò kú lára àwọn tó ń gbé òfìfo mì, ni wọ́n bá dá ìwádìí náà dúró. Ìkọlù ò tíì bá Bàbá, àmọ́ kí la fẹ́ fi dánra wò?

CoQ10 wúlò díẹ̀ nínú ìwádìí kan tí èèyàn 420 wà nínú rẹ̀, àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ sì ni. Ti Bàbá kọ́ nìyẹn. Aáyù ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀. Ní 2022, ní Cleveland, wọ́n kó aáyù, òróró ẹja, ata ilẹ̀ pupa àti àwọn mìíràn sí ìdíje pẹ̀lú rosuvastatin (òun náà ẹbí atorvastatin ni) kékeré mílígíráàmù márùn-ún, láàárín èèyàn bí 190, fún ọjọ́ 28. Rosuvastatin gé ọ̀rá burúkú kù ní nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn yòókù tó sún mọ́ ọn. Aáyù inú ọbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kì sínú kápúsù pẹ̀lú aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìtètè dá.

Ó wá ku àgbo. Èmi kì í kórìíra ewé. Oògùn ọkàn tí à ń pè ní digoxin, inú ewé ló ti wá: dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Withering, gbọ́ nípa àgbo ìyá àgbà kan ní Shropshire, ó wá ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ogún ewé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ìwọ̀n rẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1785, ti àwọn tí kò yè náà. Lọ́dọ̀ tiwa, reserpine tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ wà nínú egbò aṣofẹ́yẹjẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àgbo tí kò ṣiṣẹ́, owó ló jẹ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló léwu: tí aṣofẹ́yẹjẹ bá wà nínú ìgò yẹn, òun àti bisoprolol á jọ máa fa ìlù ọkàn sẹ́yìn títí òòyì á fi kọ́ Bàbá. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Tó bá ní àṣírí ni, ẹ dà á nù.

Ewé lè yege o. Ní Ṣáínà, àgbo kan tí ń jẹ́ Tongxinluo (àkekèé àti eṣúṣú wà nínú rẹ̀, kí ẹ mọ̀) gba ìdánwò láàárín èèyàn 3,777 tí ìkọlù ọkàn bá. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023: láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, jàǹbá bá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, ó bá 5.2 nínú àwọn tó lo òfìfo. Wọ́n lò ó kún oògùn dókítà ni, wọn ò fi rọ́pò rẹ̀. Sóbò náà yege lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Boston ní 2010: ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fa nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní nǹkan bíi méje. Láìsí ṣúgà ni o, èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá níta kọ́.

Ọkùnrin kan wá ra hóró abẹ́ ahọ́n lọ́dọ̀ mi nílé oògùn nígbà kan. Bó ṣe ń yọ owó, ìgò kékeré kan bọ́ sórí káńtà, “ewé àti egbò lásán” ni wọ́n kọ sí i lára, aláwòrán kìnnìún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní fún yàrá ni. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo sì ṣàlàyé: léraléra ni àwọn aláṣẹ ń bá sildenafil, oògùn inú Viagra, nínú irú “ewé lásán” bẹ́ẹ̀. Òun àti hóró abẹ́ ahọ́n kò gbọdọ̀ pàdé, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ débi pé èèyàn lè má jí. Tí ìgò àgbo bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wá gbólóhùn kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ní NAFDAC kò tíì yẹ ìwúlò tí wọ́n kéde náà wò.

Ní ti owó, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Gbogbo oògùn tí wọ́n kọ yẹn ló ní irú tí kò lórúkọ ńlá, tó dínwó, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó máa fi owó páálí ránṣẹ́ dípò páálí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dání, àti ìgò àgbo náà.

Tí àyà bá fún Bàbá lórí ìjókòó, kí wọ́n fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò lọ, tàbí tí òógùn ń bò wọ́n, tí apá tàbí párì ń dùn wọ́n, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, kí wọ́n rún aspirin mílígíráàmù 300 lẹ́nu tí ara wọn ò bá kọ̀ ọ́. Hóró náà kì í gbé inú dúrọ́ọ̀ o. Àpò bùbá ni, nínú ìgò tirẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ le dáadáa.